Ẹ Bi Wá: Líìgì Swídìn àti Abúlé Apẹja Tó Gba Ife

Láti ìgbà tí ìròyìn ti tàn ká pé Mjällby AIF, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù abúlé kan, ló gba ife líìgì Swídìn ní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà kò kúrò nínú àwọn lẹ́tà tó ń dé ọ́fíìsì wa ní Adó-Èkìtì. A ti ṣa díẹ̀ nínú wọn, a gé èyí tó gùn jù kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà ojú-ìwé yìí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bí líìgì Gẹ̀ẹ́sì bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, orúkọ Malmö, Hammarby àti Elfsborg ló máa ń gba ojú ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ládùúgbò wa. Kí ló dé tí àwọn ará Swídìn fi ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí àwọn yòókù ń sinmi?

ÌDÁHÙN: Ojú ọjọ́ ló fà á. Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹta, yìnyín máa ń bo ọ̀pọ̀ pápá ní Swídìn, oòrùn kì í sì í pẹ́ lójú ọ̀run. Ní apá àríwá, wákàtí díẹ̀ péré ni ìmọ́lẹ̀ fi máa ń wà lóòjọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ líìgì wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Allsvenskan, ní ìparí oṣù Kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, tí wọ́n sì ń parí rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Ẹgbẹ́ 16 ló ń kópa níbẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á bá àwọn yòókù pàdé lẹ́ẹ̀mejì, nílé àti lóde, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30 sì ni gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Allsvenskan sílẹ̀ ní ọdún 1924, àṣà ìyókù Yúróòpù ni wọ́n ń tẹ̀lé: wọn a bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà ooru, wọn a dá a dúró nígbà tí òtútù bá le, wọn a sì parí rẹ̀ lọ́dún kejì. Nígbà tí wọ́n wá pinnu láti yí kàlẹ́ńdà náà padà, wọ́n na sáà 1957–58 títí tó fi gbà ju ọdún kan lọ. Ẹgbẹ́ 12 pàdé ara wọn nígbà mẹ́ta-mẹ́ta, olúkúlùkù gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 33, IFK Göteborg ló sì gba ife. Ẹ rántí pé ọdún 1958 yẹn kan náà ni Swídìn gbàlejò Ife Àgbáyé, tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wọn dé ìparí rẹ̀ kí Brazil tó nà wọ́n ní 5–2. Ọdún náà kò fún ẹsẹ̀ ní ìsinmi rárá.

Kàlẹ́ńdà yìí ń gbè wọ́n níbì kan, ó sì ń pa wọ́n lára níbòmíràn. Ní oṣù Keje tí ìdíje ìpegedé UEFA bá ń lọ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Swídìn ti gbóná, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn alátakò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìsinmi bọ̀. Àmọ́ oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ náà ni àwọn ẹgbẹ́ olówó máa ń wá agbábọ́ọ̀lù rà, ẹgbẹ́ Swídìn á sì ta ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún un jù lọ nígbà tí sáà kò tíì ju ìdajì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tẹ́tẹ́ lórí ohun tí ẹ rí nínú tábìlì oṣù Kẹfà, ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn tó mú ẹgbẹ́ náà dé ipò yẹn lè ti wà ní Ítálì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù kí oṣù Kẹsàn-án tó dé.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀gá ilé-ìwé ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ife líìgì Swídìn, àti pé abúlé apẹja ni ẹgbẹ́ náà ti wá. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n kọ̀wé sí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá níjà, kí ẹ sì sọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀ fún wa.

ÌDÁHÙN: Ẹ gbà fún ọ̀rẹ́ yín, Olùkọ́. Òótọ́ ni méjèèjì.

Hällevik ni orúkọ abúlé náà. Etí Òkun Baltic ló wà, ní agbègbè Blekinge ní gúúsù Swídìn, etíkun náà sì ni pápá ẹgbẹ́ Mjällby, tí ń jẹ́ Strandvallen, wà. Àwọn tó ń gbé Hällevik kò tó ẹgbẹ̀rún kan. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ṣoṣo ní Adó lè ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1939 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, láti ìgbà náà títí di 2025 wọn kò sì gba ife ńlá kankan rí. Èyí tí wọ́n sún mọ́ jù ni ìparí Svenska Cupen, ìyẹn ìdíje ife ilẹ̀ Swídìn, ti ọdún 2023, BK Häcken ló sì nà wọ́n níbẹ̀.

Anders Torstensson ni akọ́nimọ̀ọ́gbá náà. Ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, ó sì ti darí Mjällby láwọn ìgbà mìíràn ṣáájú èyí. Igbákejì rẹ̀, Karl Marius Aksum, jẹ́ ọmọ Nọ́wè tó gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń lo ojú rẹ̀ lórí pápá. Àwa ará Èkìtì tí a máa ń fi iye ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn níbi gbogbo kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Ohun tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dá lé lórí ni pé kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ni ó ti yẹ kí ó yí orí wò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ó mọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun àti ibi tí àyè wà, kí ó má ṣe jẹ́ pé ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí yóò gbá a fún. Ẹni tó bá ti rí ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò nílò ẹsẹ̀ tó yá ju ti gbogbo ayé lọ. Fún ẹgbẹ́ tí kò lówó láti ra àwọn tí ẹsẹ̀ wọ́n yá jù, ẹ̀kọ́ tó ń mówó wọlé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ṣe nínú sáà náà gan-an. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30, wọ́n borí nínú 23, wọ́n gbá ọ̀mì nínú 6, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì fìdí rẹmi. Àmì 75 nìyẹn, kò sì sí ẹgbẹ́ tó gba àmì tó tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí Allsvenskan ti di ti ẹgbẹ́ 16 ní ọdún 2008. Hammarby ti Stockholm ló ṣe ipò kejì, wọ́n sì jìnnà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Mjällby lọ sí ìlú Göteborg, wọ́n na IFK ní 2–0, Jacob Bergström àti Tom Pettersson ló gbá bọ́ọ̀lù méjèèjì wọlé, ife sì di tiwọn nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ṣì kù nílẹ̀.

Ohun tó mú èyí ya àwọn ará Swídìn fúnra wọn lẹ́nu ni ibi tí ẹgbẹ́ náà ti ń bọ̀. Wọ́n jábọ́ kúrò nínú Allsvenskan ní 2014, wọ́n tún jábọ́ kúrò ní ìpele kejì ní 2015, ní 2016, ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i dájú pé àwọn kò ní já sí ìpele kẹrin. Owó wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà náà. Wọ́n gòkè ní 2018, wọ́n tún gòkè ní 2019, láti 2020 ni wọ́n sì ti wà láàárín àwọn àgbà. Ọdún mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá àti ọjọ́ tí wọ́n gba ife.

Nípa bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ohun tí mo rí ni pé wọn kò yí ènìyàn padà bí aṣọ. Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ náà ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n mọ irú agbábọ́ọ̀lù tí owó wọ́n ká, wọ́n sì mọ irú èyí tí yóò lè gbé ní abúlé tí kò sí ilé ijó kan àfi òkun. Èkejì ni pé líìgì Swídìn kì í ṣe ibi tí olówó kan lè dédé wọ̀ kí ó ra gbogbo ife fún ọdún mẹ́wàá. Malmö FF, tó gba ife 24 títí di ọdún 2024, lówó ju àwọn yòókù lọ nítorí ohun tó ń pa nínú ìdíje Yúróòpù, síbẹ̀ IFK Norrköping gba ife ní 2015, Häcken gba tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2022. Ilẹ̀kùn náà kò tì pa. Ìdí tí kò fi tì pa ni mo fi dá ẹni tó kọ lẹ́tà tó tẹ̀ lé èyí lóhùn.

ÌBÉÈRÈ: Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Níbi tí a ti máa ń ka ìwé ìròyìn láàárọ̀ ní Ìjìgbò ní Adó, ẹnì kan ní wọn kì í lo VAR ní líìgì Swídìn. Orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀! Ṣé wọn kò lè ra ẹ̀rọ náà ni?

ÌDÁHÙN: Wọ́n lè rà á, Bàbá. Àwọn ènìyàn wọn ni kò fẹ́ ẹ.

Ní Swídìn, òfin ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìyẹn àwọn alátìlẹyìn tó ń san owó ọdọọdún, ló gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá 51 nínú 100 agbára ìbò nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti gba ilé-iṣẹ́ láyè láti fi owó sínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ìlà 51 yẹn ni wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Nítorí náà, bí ìpàdé ọdọọdún bá dé, ọlọ́kọ̀, nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó nínú gbọ̀ngàn ní ìbò kan náà bí i ti oníṣòwò ńlá. Wọ́n lo ìbò náà lórí VAR. Wọ́n ní ẹ̀rọ fídíò tó ń ran rẹfirí lọ́wọ́ yìí máa ń gba ayọ̀ lọ́kàn èrò ìwòran, pé kò sẹ́ni tó lè fò sókè nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé mọ́, nítorí pé wọ́n ń dúró de ẹni tó jókòó síbi tí ojú kò tó. Ní ọdún 2024, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ 32 tó wà ní ìpele méjèèjì òkè tó lòdì sí i, àjọ bọ́ọ̀lù sì gbé e tì.

Èyí kò túmọ̀ sí pé rẹfirí wọn kì í ṣe àṣìṣe. Ó ń ṣe é, ariwo sì ń ta. Èrò tèmi ni pé àwọn ènìyàn lè fara da àṣìṣe rẹfirí bí ó bá jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló yàn láti máa fara dà á. Nílẹ̀ wa, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní líìgì. Ẹni tó bá ń sanwó ló ń pàṣẹ, èrò ìwòran kò sì ní ibi tí yóò ti dìbò.

Òfin 51 náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wọn o. Malmö dé ìparí ife àwọn akọni Yúróòpù ní 1979, Nottingham Forest ló nà wọ́n ní 1–0. IFK Göteborg gba ife UEFA lẹ́ẹ̀mejì, ní 1982 àti 1987. Lẹ́yìn ìgbà tí owó tẹlifíṣàn àti owó àwọn olówó ti wọ bọ́ọ̀lù ní àwọn orílẹ̀-èdè ńlá, kò sí ẹgbẹ́ Swídìn tó tún dé irú ibẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ èyí. Ní 2013, wọ́n tún jà fún òfin náà, ó sì dúró. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń jiyàn ní Ìjìgbò ni kí ẹ sọ èyí tí ẹ̀ bá mú bí ó bá jẹ́ tiyín: ife Yúróòpù ni, àbí ìbò?

ÌBÉÈRÈ: Láti Ìlawẹ̀-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ní àmì kan náà ní Swídìn, ta ni wọ́n ń fún ní ife? Ẹgbẹ́ mélòó ló sì ń jábọ́?

ÌDÁHÙN: Ìyàtọ̀ láàárín ayò tí ẹgbẹ́ kan gbá wọlé àti èyí tí àwọn alátakò gbá wọlé rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ní 2023, Elfsborg fi àmì mẹ́ta ṣíwájú Malmö ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n sì ní láti lọ bá Malmö nílé wọn. Ọ̀mì lásán ni wọ́n nílò. Malmö na wọ́n ní 1–0, àwọn méjèèjì parí pẹ̀lú àmì 64, ìyàtọ̀ ayò sì gbé ife fún Malmö. Ẹgbẹ́ méjì tó kẹ́yìn ló ń jábọ́ tààrà sí ìpele kejì, Superettan, èyí tó wà ní ipò 14 á sì bá ẹni kẹta nínú Superettan gbá a lẹ́ẹ̀mejì láti mọ ẹni tí yóò dúró. Ọ̀nà yìí ni IFK Norrköping gbà jábọ́ ní ìparí 2025, Örgryte ló sì gba ipò wọn. Mo fi kún un pé ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń fún ní àmì ẹ̀yẹ: wúrà fún ẹni kìíní, fàdákà ńlá fún ẹni kejì, fàdákà kékeré fún ẹni kẹta, idẹ fún ẹni kẹrin.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjerò-Èkìtì. Ǹjẹ́ líìgì àwọn obìnrin wà ní Swídìn, ṣé àwọn ọmọ wa sì wà níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó wà, ó sì ti pẹ́. Damallsvenskan ni wọ́n ń pè é, ọdún 1988 ló bẹ̀rẹ̀, kàlẹ́ńdà kan náà bí i ti àwọn ọkùnrin ni wọ́n sì ń lò. Ó sì ti gba àwọn Super Falcons mọ́ra. Perpetua Nkwocha, tí wọ́n yàn lẹ́ẹ̀mẹrin gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà, gbá bọ́ọ̀lù fún Sunnanå. Rita Chikwelu wà ní Umeå àti Kristianstad. Faith Ikidi wà lára àwọn tó gba ife fún Piteå ní 2018, ìlú kan tó wà ní apá àríwá réré, níbi tí òtútù ti le gan-an. Halimatu Ayinde sì gbá bọ́ọ̀lù fún Rosengård ní Malmö. Ẹ sọ orúkọ wọn fún àwọn ọmọ yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Oníṣòwò ni mí ní Emùré-Èkìtì. Ọkùnrin kan rí ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ní òun lè mú un lọ sí ẹgbẹ́ kan ní Swídìn fún ìdánwò kí sáà wọn tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n wá owó físà àti owó ìforúkọsílẹ̀ fún òun. Ọmọ náà kò jẹun mọ́, ó ní mo fẹ́ pa ọjọ́ ọ̀la òun. Ṣé kí n ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má ta ilẹ̀ náà.

Òfin FIFA kò gba kí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀, àfi fún àwọn ìdí díẹ̀, irú bí i kí òbí ọmọ náà ṣí lọ sí orílẹ̀-èdè yẹn fún ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ìyọ̀ǹda tó wà fún ọmọ ọdún 16 sí 18 jẹ́ ti àwọn tó ń ṣí láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàárín Yúróòpù. Kò kan ọmọ Emùré. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ Swídìn tiẹ̀ fẹ́ràn ọmọ yín bí ojú, wọn kò lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Ọkùnrin tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ òfin náà. Láti ọdún 2023, ẹni tó bá ń ṣe aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti yege nínú ìdánwò FIFA kí ó sì ní ìwé àṣẹ, FIFA sì ń gbé orúkọ àwọn tó ní in jáde fún gbogbo ayé láti wò. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé ni ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda òbí ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fún ẹni tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò kó wò ó fún yín.

Ẹgbẹ́ gidi kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá agbábọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ ènìyàn ló ń kọ lẹ́tà ìpè, ẹgbẹ́ náà ló sì ń bá ẹgbẹ́ tí ọmọ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù nílé sọ̀rọ̀, nítorí pé láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni ìwé ìṣípòpadà máa ń gbà. Ẹ wo ọ̀nà tí Samuel Adegbenro, ọmọ tí wọ́n bí ní Òṣogbo, gbà. Kwara United ló wà níhìn-ín, láti ibẹ̀ ló ti lọ sí Viking ní Nọ́wè, ó lọ sí Rosenborg, kó tó wá dé Norrköping ní Swídìn ní 2021, ọdún yẹn náà ló sì gbá ayò 17 wọlé, tí kò sí ẹni tó gbá ju tirẹ̀ lọ nínú Allsvenskan. Gbenga Arokoyo náà gbá bọ́ọ̀lù fún Mjällby tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ yìí, ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gba ife, kó tó lọ sí Tọ́kì.

Ẹ ka ìdáhùn yìí fún ọmọ náà fúnra rẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kó gbọ́ ti ìwé ìròyìn ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ bá a wá ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ yìí, kí ẹgbẹ́ náà máa kọ gbogbo ìdíje tó bá gbá sílẹ̀ fún un, kí ó sì kọ WAEC rẹ̀. Ní ti ọkùnrin yẹn, bí kò bá rí nọ́ńbà ìwé àṣẹ fi hàn yín, tó sì tún ń béèrè owó, àwọn ọlọ́pàá Emùré ni kí ẹ lọ bá.